Ọ̀rọ̀ ìwádìí wo ló ti dójú tì yín rí?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé. Níbi tí ó yẹ kí n kọ population sí, iye ènìyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó ni mo lọ kọ síbẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Ṣé gbogbo Èkó ló ń ta ẹja ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àṣé àwọn tí ọ̀rọ̀ ìwádìí náà kàn gan-an ni population.

Mo padà sọ́jà, mo ka orúkọ inú ìwé ẹgbẹ́ wọn: 400. Ìṣirò Yamane, èyí tó ń sọ iye ènìyàn tó yẹ ká mú nínú population (ta ló kàwé jáde ní Nàìjíríà tí kò lò ó?), ní kí n mú 200, bí mo bá gba àṣìṣe 0.05 láàyè. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín fọ́ọ̀mù fún àwọn tí ìsọ̀ wọn sún mọ́ ti àbúrò ìyá mi. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Bí o bá fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ ẹja, ṣé èyí tó wà lókè nìkan lo máa wò? Èyí tó dán la máa ń tò sókè. Ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀!"

Ara mi bù máṣọ. Àwọn oníwèé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1936. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 ènìyàn tó dá wọn lóhùn, wọ́n ní Landon ló máa wọlé ìbò ààrẹ. Roosevelt ló wọlé. Àwọn tó ní tẹlifóònù àti mọ́tò ló pọ̀ jù nínú orúkọ tí wọ́n kó jọ. Òkè apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Mo gé bébà 400, mo kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí i, mo pò ó pọ̀ nínú korobá, mo mú 200. Random sampling nìyẹn. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí n tó rí gbogbo wọn.

Ará Ìkòròdú:
Èmi rò pé ohun kan náà ni reliability àti validity. Kọ̀ǹpútà gbé Cronbach alpha (òṣùwọ̀n reliability) 0.8 jáde fún fọ́ọ̀mù mi, mo ń yọ̀. Àfìgbà tí mo ra gàrí lọ́jà tí mo rí i pé wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọnú. Ẹ wọn gàrí nínú rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, iye kan náà ló máa já sí: kò níí pé. Kì í yí ohùn padà (reliability nìyẹn), irọ́ ló sì ń pa (kò ní validity). Fọ́ọ̀mù mi náà nìyẹn. Mo ní mò ń wọn ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà, bí owó ṣe wà lápò wọn ni ìbéèrè mi ń wọn.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?" Bàbá kan ní 34, gbogbo agbo ilé ni wọ́n kà. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn ní 3. Agbo ilé kan náà o! Mi ò ṣe pilot study, ìyẹn ni pé mi ò kọ́kọ́ dán fọ́ọ̀mù náà wò lọ́dọ̀ ènìyàn díẹ̀, mo sì ti tẹ fọ́ọ̀mù 150. Ẹ bá mi wá alákàrà tó ń fẹ́ bébà.