Bí mo ṣe pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi lọ́nà Mẹ́kà, àti bí a ṣe gbé e sórí ìtàgé

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ní kí oníkálukú sọ ìrírí rẹ̀ nípa eré orí ìtàgé tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Tèmi kì í ṣe èyí tí mo lọ wò. Èmi gan-an wà nínú rẹ̀, èmi ni mo ṣe Ìyá Elépo.

Ìtàn eré náà kò gùn. Obìnrin ọlọ́jà méjì, Ìyá Elépo àti Ìyá Aláró, ti jọ wà ní ìsọ̀ kan náà láti ìgbà ọmọge. Wọ́n ń dá èésú, wọ́n ní àwọn yóò jọ lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí owó kù díẹ̀ kó pé, ikú mú Ìyá Aláró lọ. Kí ni Ìyá Elépo máa wá ṣe?

Ọ̀dọ̀ mi ni ìtàn náà ti wá. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ṣe tíṣà. Kòríkòsùn ni wá, ohun tí ẹ bá fún ọ̀kan, ẹ ti fún èkejì. Èmi ti lọ sí Háájì ṣáájú rẹ̀, òun ṣì ń tu owó tirẹ̀ jọ nígbà tí àìsàn dé. Kò pẹ́ lórí àìsàn rárá. Ọjọ́ tó kú náà la sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, mo sì wà lára àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní kí n wẹ̀. Làálì tí a jọ lé fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ṣì pọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Mo ń da omi sí i, mo ń fi ọwọ́ rọra ra á, mo sì mọ̀ pé làálì kì í ṣí lójú kan náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wé e sínú aṣọ funfun márùn-ún tó tọ́ sí obìnrin, pẹ̀lú làálì náà lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fidáù, àkọ́bí rẹ̀ wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, àwọn ìyá mi ní bí àwọn ò bá débẹ̀, kí ẹ bá àwọn débẹ̀.” Ó gbé ìwé báńkì ìyá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

N kò dédé gbéra. Háájì tí èèyàn ń bá ẹlòmíràn ṣe, tí àwọn àfáà ń pè ní badal, ní òfin tirẹ̀. Àfáà tí mo lọ bá sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, gbọ́ tó ń ké “Labbayka”, ìyẹn igbe tí àwọn tó ń ṣe Háájì fi ń jẹ́ ìpè Ọlọ́run, lórúkọ Shubrumah. Ànábì bi í pé, ta ni Shubrumah? Ó ní arákùnrin òun ni, tàbí ìbátan òun. Ànábì ní, ṣé o ti ṣe Háájì tìrẹ? Ó ní rárá. Ànábì wá ní kó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ná, kó tó ṣe ti Shubrumah. Abu Dawud, ọ̀kan lára àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé, ló gba hádíìsì yẹn wá. Àfáà tún sọ ti obìnrin ìran Juhaynah kan, tí ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ Háájì tó sì kú láìlọ. Ànábì bi í pé, bí ìyá rẹ bá jẹ gbèsè, ṣé o ò ní í bá a san án? Ó ní gbèsè Ọlọ́run ló tọ́ kí a san jù lọ. Ìyẹn wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari.

Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn gbé mi dìde. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti lọ, gbogbo èèyàn ló ń ní kí n mọ́kàn le, kí n gba fún Ọlọ́run. Mo ti gbà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí n ó fi ọwọ́ mi ṣe. Àfáà yìí fún mi níṣẹ́ ṣe.

Mọdínà ni ọkọ̀ òfúrufú wa kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí a máa kọrí sí Mẹ́kà, bọ́ọ̀sì dúró ní Dhul-Hulayfah, tí wọ́n ń pè ní Abyar Ali lóde òní. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá gba ọ̀nà Mọdínà ti ń gbé àníyàn Háájì. Àwọn ọkùnrin ti ró aṣọ funfun méjì tí a kò rán, àwa obìnrin wà nínú aṣọ tiwa. Mo kírun, mo padà sínú ọkọ̀, mo ké “Labbayka”, mo sì dá orúkọ ọ̀rẹ́ mi àti ti bàbá rẹ̀. Orúkọ tí àfáà fi sọ ọ́ lọ́mọ ọjọ́ mẹ́jọ ni mo pè. Ní gbogbo ìgbà tí a fi jọ wà láyé, n kò fi orúkọ yẹn pè é rí, ìnagijẹ ni mo máa ń pè é. Obìnrin tó jókòó tì mí, ará Ìlọrin, bi mí pé, “Alájà, ta lẹ pè yẹn?” Mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni.” Ó mú ọwọ́ mi, kò fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìwọ̀nba ni mo lè sọ nípa ìyókù. Láti orí Safa dé orí Marwa tó nǹkan bí 450 mítà, ẹ̀ẹ̀méje sì ni à ń rìn ín, ó lé ní kìlómítà 3. Ọ̀nà tí Hajara sá lọ sá bọ̀ nìyẹn nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Mo ti rìn ín nígbà Háájì tèmi, ẹsẹ̀ nìkan ló dùn mí nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ohun tó ń lé obìnrin náà kiri láàárín àwọn òkè yẹn. Ọjọ́ Àràfá ní tirẹ̀, láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀, mo ń tọrọ fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo ń ka àwọn nǹkan tó ti ṣe fún mi sétígbọ̀ọ́ Ọlọ́run, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóru ọjọ́ náà, ní Muzdalifah, mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa òkò wẹ́wẹ́ tí a ó jù ní Mínà. Òkò kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

Nígbà tí mo dé, ẹgbẹ́ eléré wa ní kí a fi ṣe eré. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bá wọn jà lórí ohun kan. Lórí ìtàgé wa, bí ẹnì kan bá kú, a ó káwọ́ lérí, a ó yí mọ́lẹ̀, iná á kú, ìran mìíràn á bẹ̀rẹ̀, ọ̀fọ̀ tán. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ṣì máa dáná lọ́la, ó ṣì máa ṣírò owó, á gbé igbá méjì lọ sọ́jà kó tó rántí pé igbá kan ló kù tí yóò máa gbé. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. A yọ ẹkún kúrò, a fi òwò epo rọ́pò rẹ̀. Ìyá Elépo ń wọn epo, ó ń sọ̀rọ̀ sí ìsọ̀ tó ṣófo, ó ń dáhùn fúnra rẹ̀.

Ìtàn Shubrumah ló sì gbé eré náà ró. Èmi ti lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú eré, Ìyá Elépo kò tíì lọ rí. Nítorí náà, kò lè ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó ṣe tirẹ̀. Ó ní láti lọ, kó bọ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo láti kékeré, kó tó lè padà lọ. Ẹ ro ó wò: ní 2025, owó Háájì láti ìhà Gúúsù lọ́dọ̀ NAHCON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó Háájì, ju mílíọ̀nù 8 náírà lọ. Mélòó ni agolo epo tí obìnrin kan máa tà kó tó rí iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì? Ìran kan wà tí Ìyá Elépo dé Mẹ́kà nígbà àkọ́kọ́, tí ẹnì kan sì ń tì í pé kó ṣáà pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run á gbọ́. Mo dúró, mo la ẹnu. Àwọn èrò ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, “Pè é! Pè é!” Obìnrin kan dìde lẹ́yìn, ó nahùn sókè, ó ní, “Ìyá Elépo, má pè é o! Tìrẹ ni kó o kọ́kọ́ ṣe!” Gbogbo gbọ̀ngàn yí padà wò ó. Mo pa ẹnu mi dé, mo sì rìn lọ bí eré ṣe wí.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an, Alájà. Mo wà ní gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Onígbàgbọ́ ni mí, ọ̀rẹ́ mi kan ló fà mí lọ, mi ò sì mọ ohun tí badal jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ìyá Elépo ń dá owó ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú kóló kejì, tí kò sì fọwọ́ kàn án nígbà tí ọjà kò tà, mo ń ro ti olùdarí akọrin wa tó kú. Èmi àti ẹ̀ là ń kọ ohùn ìsàlẹ̀.

Àwa náà jọ ń gbèrò Jerúsálẹ́mù ni. Èmi nìkan ni mo dé ibẹ̀. Nínú ẹ̀sìn tiwa, kò sí pé kí n bá a ṣe é, a kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kàn kọ orúkọ rẹ̀ sínú bébà kékeré, mo sì fi há àárín òkúta Ògiri Ìwọ̀-oòrùn bí àwọn èèyàn yòókù ti ń ṣe. Ìjọ́ Jọ́dánì ni ọ̀rọ̀ náà wá yí bìrí. Wọ́n ní kí gbogbo wa kọrin bí a ṣe ń wọ omi, mo bẹ̀rẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀, mo sì ń dúró dè é kó gbè é. Alájà, bí ẹ ṣe ń dáhùn fún ìsọ̀ tó ṣófo yẹn, òun gan-an ló ṣe mí nínú omi náà. Mo kọ ohùn tèmi, mo kọ tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín: báwo lẹ ṣe pinnu pé ẹ ò ní í kọ́ Káába sórí ìtàgé?

Láti Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹni tó ń bá wa ṣe ìtàgé fẹ́ fi pákó àti aṣọ dúdú kọ́ ọ. Àfáà ò fẹ́ ẹ, èmi náà ò fẹ́ ẹ, nítorí ohun ọ̀wọ̀ ni. A fi àárín ìtàgé sílẹ̀ lófo, à ń yí i ká lẹ́ẹ̀méje, a sì rí i pé ọwọ́ òsì wa ni àárín náà wà ní gbogbo ìgbà, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn eré, àwọn tó ti lọ rí sọ fún wa pé àwọn rí Káába.

Ti orin ńkọ́? Láti ayé Hubert Ogunde, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, orin ni àwọn eléré wa fi ń ṣí ìtàgé. Àwa fi wákà ṣí tiwa, nítorí wákà ni àwọn obìnrin mùsùlùmí ilẹ̀ wa fi ń pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé. A wá kọ wákà ìkíni kú àbọ̀ fún ẹni méjì, nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo ń wọlé pẹ̀lú eyín wúrà lẹ́nu bíi ti àwọn Alájà àtijọ́. Ìyẹn ló pa àwọn àgbàlagbà lẹ́kún, kì í ṣe ikú Ìyá Aláró.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí a ń ṣe ìdánrawò, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, àkọ́bí yẹn, wá wò wá. Nígbà náà, ohùn pẹ̀lẹ́ ni Ìyá Aláró fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, “Màmá, ta nìyí? Àwọn ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí o. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe máa ń ja yín lórí ṣéńjì ni?” Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rẹ́ mi kò ní sùúrù, kì í sì í fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kọ ìjà sí i. Ìyá Aláró fẹ̀sùn kan Ìyá Elépo pé òṣùwọ̀n rẹ̀ kò kún, wọ́n yọ̀wọ́ síra wọn lójú, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀kan ti bu àmàlà, tó sì gbé abọ́ èkejì síwájú rẹ̀ láìwí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí a ṣe eré, bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ẹnì kan tó bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò, ẹ̀rín tó le, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohùn náà. Ọmọ rẹ̀ ni.