Àká Ohùn ni Mo Fara Mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin elédè mi. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí à ń wá fún iṣẹ́ rédíò, àwọn kan nínú yín dábàá "ibi ìkóhùnpamọ́sí" fún ibi tí iléeṣẹ́ rédíò ń tọ́jú àwọn ètò ọ̀rọ̀ sísọ tó ti gbé sáfẹ́fẹ́, wọ́n sì fi "ètò ìtàn gidi" kún un fún ètò tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní documentary. Èkíní ò tẹ́ mi lọ́rùn, èkejì ni mo ta kò pátápátá.

"Pa mọ́" lójú méjì: ká tọ́jú nǹkan, àti ká gbé e kúrò lójú ayé. Nígbà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan ló ń wọ yàrá téèpù, kò burú. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń gbọ́ púpọ̀ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Studs Terkel ṣe ní iléeṣẹ́ rédíò WFMT ní Chicago ní Amẹ́ríkà láàárín 1952 sí 1997. Kí ló pa mọ́ níbẹ̀? Àká ohùn ni ká pè é. A kúkú ti ń lo "àká-ọ̀rọ̀", kò ní ṣàjèjì létí.

Àwọn tí kò fẹ́ "àká" ní bí a bá ń bu nǹkan nínú àká, á tán, ṣùgbọ́n ohùn kì í tán. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lẹ́ẹ̀ tó so èròjà òòfà mọ́ ara àwọn téèpù kan máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á wá máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, débi pé wọ́n ní láti fi ooru tí kò le yan án kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tiẹ̀ pa ohùn rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù lò. Ohùn ń tán dáadáa.

Ó wá ku "ìtàn gidi". Ṣé irọ́ wá làwọn ètò yòókù ni? "Ètò ìṣojúmikòró" ni tèmi. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní rédíò ò lójú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1937, ní Lakehurst ní Amẹ́ríkà, akọ̀ròyìn rédíò Herbert Morrison ń ròyìn bí Hindenburg, ọkọ̀ òfuurufú ńlá tí gáàsì ń gbé fò, ṣe ń gúnlẹ̀, ẹ̀rọ sì ń fín ohùn rẹ̀ sórí àwo. Ó ń ṣàlàyé okùn tí wọ́n jù sílẹ̀ láti imú ọkọ̀ náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àfi bí iná ṣe sọ, tí ohùn rẹ̀ yí, tí ẹkún gbà á lẹ́nu. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó ṣojú rẹ̀ kòró. Etí làwa fi rí i. Lóòótọ́, ìròyìn ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n irú àwo bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń ṣe ètò ìṣojúmikòró ń wá kiri inú àká.

Ibi tí orúkọ yìí ti lè kọsẹ̀ ni ti àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń dá sí irú ètò bẹ́ẹ̀ láìdé ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gba tiwọn náà mọ́ra, kó mú un wá, màá gbà á.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ ohùn kí ojú lè kà á, "àdàkọ" ti wà nílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.