Ìdáhùn: "Ọ̀rọ̀-ìṣe alápólà" kò tọ̀nà, ohùn rẹ̀ pàápàá kò tọ̀nà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí arákùnrin wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ní London kọ ránṣẹ́. Ó ní òun ti rí orúkọ tí Yorùbá yóò máa pe irú ọ̀rọ̀ bíi "give up", "put off" àti "look after", tí Òyìnbó ń pè ní "phrasal verb". "Ọ̀rọ̀-ìṣe alápólà" ni ó pè é, nítorí pé àpólà ni "phrase", ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni "verb". Àwọn kan ti ń kí i kú orí ire. Èmi kò lè bá wọn kí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ohùn, nítorí ó dùn mí. Kò sí ohun tó ń jẹ́ "alápólà". Àdúgbò ló bí aládùúgbò. Àkóbá ló bí alákòóbá. Àdá ló bí aládàá. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ kì í kú nígbà tí "oní" (tó máa ń di "al-" níwájú "à") bá gbé ohùn òkè lé e. Iwájú ló ń sún sí, tí fáwẹ̀lì ibẹ̀ yóò sì fà gùn. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà, "alápòólà" ni. Ẹni tó ní "aláàpólà" ni àwọn ń sọ nílé tiwọn, mo gbọ́, ṣùgbọ́n kí ó fi aládùúgbò dán an wò kó tó bá mi jà.

Ti ìtumọ̀ ló burú jù. Nínú gírámà tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wa, "ra iṣu" àpólà-ìṣe ni. "Sùn" nìkan pàápàá, bí ó bá dá dúró lẹ́yìn olùwà, àpólà-ìṣe ni. Tí a bá wá sọ fún ọmọ pé "give up" ni alápòólà, ọmọ tó gbọ́n yóò béèrè pé èwo ni kì í ṣe alápòólà nínú wọn. Kí ni tíṣà yóò sọ?

Arákùnrin wa ní Òyìnbó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun kàn tú u ni. Orúkọ Òyìnbó yẹn kò dàgbà tó bí ó ṣe rò. Ní 1755 tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní London, ó kọ ọ́ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé fífi ọ̀rọ̀ kékeré tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè yí padà ni ohun tó máa ń ni àjèjì lára jù nínú èdè àwọn. "Come off" àti "fall on" wà nínú àpẹẹrẹ rẹ̀. Kò pè é ní "phrasal verb". Ọdún 1925 ni Logan Pearsall Smith lo orúkọ yẹn nínú ìwé rẹ̀, ó sì ní Henry Bradley, tó jẹ́ olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, ló dá a lábàá. Títí di òní, àwọn onímọ̀ wọn kan ń pè é ní "multi-word verb", àwọn mìíràn ní "particle verb". Orúkọ tí àwọn tó ni èdè kò tíì fẹnu kò lé lórí, kí ló dé tí àwa yóò fi máa tú u ní ẹyọ ẹyọ? Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò wo ohun tí Òyìnbó pè é. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n wò.

Màmá wa tó dá sí i láti Ìbàdàn sún mọ́ ọn ju arákùnrin wa lọ. Wọ́n ní ká pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, ìyẹn èyí tó ṣeé là sí méjì, bí a ṣe ń pe bàjẹ́ àti gbàgbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ìdí wọn sì lágbára. A ń sọ pé "ó ba aṣọ náà jẹ́", "mo gba Olúwa gbọ́". Òyìnbó náà ń sọ pé "turn the light off". Bí ó bá sì jẹ́ arọ́pò-orúkọ, Gẹ̀ẹ́sì mú un ní dandan kó wọ àárín: "pick it up" ni, ẹnikẹ́ni kì í sọ "pick up it", gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe jẹ́ "bà á jẹ́". Mo fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó sì máa ń tètè yé wọn, nítorí etí wọn ti gbọ́ irú rẹ̀ láti ilé.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́là náà ń já wa kulẹ̀. Tiwa kò fúnni ní àyè méjì: kò sí ọmọ Yorùbá tó ń sọ pé "ó bàjẹ́ aṣọ". Gẹ̀ẹ́sì gba "turn off the light", ó sì tún gba "turn the light off". Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ṣeé là rárá. "Look after the child" kò ṣeé là. "Put up with" ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́yìn, kì í sì jẹ́ kí nǹkan wọ àárín wọn. Bí a bá pe gbogbo wọn ní ẹlẹ́là, ọmọ yóò kọ "look the child after" sínú ìdánwò WAEC, àwa la ó sì ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ti ẹni tó ní Yorùbá kò ní irú nǹkan báyìí, pé ìyẹn ló fi ń ṣòro fún wa. Ṣé a ti gbàgbé ohun tó wà lẹ́nu wa ni? Ọkọ̀ tó "break down" lójú ọ̀nà ti dẹnukọlẹ̀: ẹnu wo ni ọkọ̀ ní? Ẹni tó "turn up" níbi àríyá yọjú, odindi rẹ̀ ló sì wá, kì í ṣe ojú nìkan. "Put up with" ni fara dà. "Look down on" ni fojú tẹ́ńbẹ́lú. Iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi up, down, off àti out ṣe, ojú, ọwọ́, ara, ẹnu àti inú ni àwa fi ń ṣe é. "Up" tó wà nínú "give up" kì í ṣe òkè mọ́, bí ọwọ́ tó wà nínú jáwọ́ kì í ti í ṣe ọwọ́ tí a fi ń jẹun.

"Give up" yìí náà ni arákùnrin wa tú sí "fi sílẹ̀", tó sì kọjá lọ. Ẹni tó "give up" sìgá ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó "give up" nínú ìjà juwọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń wá ọmọ tó sọnù, tí wọ́n wá "give up", ti sọ̀rètí nù. Ọ̀daràn tó "give himself up" fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹni tó "give up" àyè rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì dìde fún àgbà. Ẹ wò ó dáadáa, ọwọ́ wà nínú mẹ́ta nínú wọn! Àwọn tíṣà ayé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ló kọ́ bàbá mi. Wọn kì í fún ọmọ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo kó há a sórí. Gbólóhùn ni wọ́n ń kọ sójú pátákó, ọmọ yóò sì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ìbá sọ bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣẹlẹ̀ nílé. Bàbá mi fi ọ̀nà yẹn kọ́ wa títí a fi mọ̀ pé sísún ọjọ́ síwájú ni "put off", pípa iná ni "put out". Ta ló ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ní ti ìtumọ̀ "take in" tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó wà ní Houston àti ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta: ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ní Nàìjíríà, obìnrin tó "take in" ti lóyún. Nọ́ọ̀sì ní ìlú Òyìnbó kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n gba àlejò sílé, pé wọ́n tan ènìyàn jẹ, pé télọ̀ dín aṣọ kù, tàbí pé ọ̀rọ̀ yéni. "Hold-up" náà ńkọ́? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni l'Ékòó; lọ́hùn-ún, ó lè jẹ́ olè tó gbé ìbọn. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ti ibí, kó mọ ti ọ̀hún. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe tiwa ní àṣìṣe. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kan náà gba "flag-off" àwọn olóṣèlú wa wọlé pẹ̀lú okada àti danfo.

Orúkọ tí èmi mú wá ni ọ̀rọ̀-ìṣe alábàárìn. Ohùn rẹ̀ tọ́, bíi ti aládùúgbò. Ó gba èyí tó ṣeé là àti èyí tí kò ṣeé là, nítorí àwọn tó ń bára wọn rìn lè fara kanra, wọ́n sì lè jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ àárín. Ẹ má sọ fún mi pé "up" ni alábàárìn, pé kì í ṣe "give". Bí Òjó bá jẹ́ alábàárìn Àjàyí, alábàárìn Òjó ni Àjàyí náà. Ẹ tún wo bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: "bá mi off iná", "wọ́n ti on jẹnẹrétọ̀". A ti ju "turn" àti "switch" nù pátápátá, ìtumọ̀ kò sì dín. Ṣé ẹ rí i pé alábàárìn ló gbé ẹrù náà?

Ó wá ku orúkọ tí a ó máa pe "up" àti "off" fúnra wọn. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn ("preposition") ni wọ́n, n kò gbà. Atọ́kùn ní eégún tó ń tọ́: "sí ọjà", "ní ilé". Nínú "the plane took off", ọkọ̀ òfurufú ti gbéra, gbólóhùn ti parí. Kí ẹni náà fi hàn wá, ní gbangba níbí, ohun tí "off" ń tọ́ níbẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ gba ẹ̀yìn "look after the child" wọlé, pé "after" ní "child" tó ń tọ́, mo ti ń retí rẹ̀.