Ta ló lọ bu ìràwọ̀ wá sílé tí wọ́n fi mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?

Tísà_Yábàá: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Ọmọ SS3 kan tí mo ń ṣe lẹ́sìn fún bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé irin wà nínú ìràwọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò débẹ̀, mo ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ló bá fi àwòrán ìmọ́lẹ̀ oòrùn hàn mí lórí fóònù, àwọn ìlà dúdú wà nínú ẹ̀, ó ní ṣé èyí tó bá nípọn jù, nǹkan tiẹ̀ ló pọ̀ jù ni? Mo ní ká fi í di ọ̀la. Kí ni kí n sọ?

Àǹtí Sùúrùlérè: Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tó máa ń gbé mì, ìmọ́lẹ̀ tó bá ń jáde bọ̀ látinú ìràwọ̀ á pàdé wọn lókè, wọ́n á gbé tiwọn mì, ibẹ̀ á dúdú. Fraunhofer ará Jámánì ti ya àwọn ìlà yẹn láti 1814, kò kàn mọ ohun tó fà á ni, Kirchhoff àti Bunsen, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì bíi tiẹ̀, ló tú u ní 1859. Ta iyọ̀ bíńtín sójú iná gáàsì kóo wò ó, iná búlúù yẹn á di yẹ́lò kíá, sódíọ̀mù inú iyọ̀ nìyẹn, ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 589 nánómítà, ibẹ̀ gan-an ni ìlà dúdú méjì ti lẹ̀ mọ́ra nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Àǹtí, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kan ìbéèrè ọmọ yẹn. Rárá o! Kálísíọ̀mù ni ìlà ẹ̀ nípọn jù nínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan níbẹ̀, haidrójìn ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n ẹ̀. Ooru ló ń ṣe é. Kí haidrójìn tó lè gbé àwọ̀ tójú wa ń rí mì, ooru gbọ́dọ̀ ti ta ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù ẹ̀ jí, ojú oòrùn tó jẹ́ nǹkan bíi 5,800 kẹ́lífìnì ò gbóná tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló ń jí. Lára ìràwọ̀ Sirius tí ooru ẹ̀ sún mọ́ 10,000 ni ìlà haidrójìn ti ń hàn ketekete. Saha ará Íńdíà ṣe ìṣirò ẹ̀ ní 1920, Cecilia Payne, obìnrin onímọ̀ ìràwọ̀, fi í ṣiṣẹ́ ní 1925, ó rí i pé haidrójìn ló pọ̀ jù, Russell tó jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, obìnrin yẹn wá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ó jọ pé kì í ṣòótọ́. Ní 1929 Russell fúnra ẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú ṣáá.

Tísà_Yábàá: Háà! Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ iye ẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Wọ́n á kọ́kọ́ wá bó ṣe gbóná tó. Ìlà tín-ín-rín ni wọ́n sì fẹ́ràn, torí èyí tó ti nípọn ti yó, o lè fi átọ́ọ̀mù kún un kó má fẹ́ẹ̀ yí padà. Wọ́n á wá fi wé oòrùn: lórí òṣùwọ̀n wọn, oòrùn ni 0, tí wọ́n bá ní irin ìràwọ̀ kan jẹ́ -1, ìdá kan nínú mẹ́wàá ti oòrùn ló ní.

Bọ̀dá Mushin: Kì í ṣe gbogbo ìlà yẹn náà ló ti oòrùn wá o. Èyí tó wà ní nǹkan bíi 760 nánómítà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tiwa níbí ló fà á.