Ta ló ti kópa nínú ìwádìí oògùn Crohn, àìsàn tó máa ń mú kí ìfun wú kó sì dégbò, rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹniọlá, Kétu:
Ẹ kú ilé o. Aṣọ léèsì ni mo ń tà ní Balógun. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, mo lo oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko, ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ mi ò dáwọ́ dúró. Ìgbà tí wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun mi, tí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ni wọ́n tó ní Crohn ni. Torí ìgbẹ́ gbuuru, n kì í jẹun mọ́ kí n tó wọ dáńfó. Bí sún-kẹẹrẹ bá ká yín mọ́ orí Third Mainland, níbo lẹ fẹ́ bọ́ sí? Mo ti fi iró kejì di ìdí lórí afárá yẹn rí, mo sunkún dé Adéníjì.

Dókítà mi ní wọ́n ń wá èèyàn fún ìwádìí oògùn tuntun. Ìwé tó fún mi ní ó lè jẹ́ oògùn asán, tí kò ní nǹkan kan nínú, ló máa kàn mí, n ò sì ní mọ̀. Ìyá mi ní òun ò bímọ fún àwọn tó ń dánra wò.

Nọ́ọ̀sì Yábàá:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ ní kí wọ́n fi àṣẹ NAFDAC hàn yín, àti ti ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn nínú ìwádìí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó oògùn náà, ẹ dìde. Ẹ lè jáde nígbàkigbà, ìtọ́jú yín ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ yẹn pamọ́ fún wọn: oògùn Crohn púpọ̀ máa ń dín agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn kù, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó sùn sì lè jí.

Bàbá Ṣómólú:
Ẹ̀rù tó ń ba ìyá yín kì í ṣe lásán. Ní Kánò lọ́dún 1996, tí wọ́n dán oògùn wò lára àwọn ọmọ tó ní yínrùnyínrùn, ọ̀pọ̀ òbí ló ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Síbẹ̀, oògùn infliximab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún Crohn lọ́dún 1998, àwọn aláìsàn kan ló kọ́kọ́ gbà kí wọ́n fi àwọn dán an wò. Ẹ mú màmá dání lọ.

Ìyá Ẹniọlá, Kétu:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa padà lọ. Mo ti kọ ìbéèrè mi sẹ́yìn ìwé náà. Bó bá jẹ́ oògùn asán ló kàn mí, tí ara wá le, kí ni wọ́n máa fi gbà mí? Ta ni màá pè lóru? Bí ìwádìí bá parí, ṣé màá ṣì rí oògùn ọ̀hún lò? Ìyá mi ti gbà láti tẹ̀ lé mi, àmọ́ ó ní òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.