Igi ìgbálẹ̀ tí Kóòṣì fi wọn ẹsẹ̀ wa: ta ló mọ àwọn yòókù?

Ọmọ Ìlódè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ nílé lóko. Àwa tí a gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Kóòṣì n'Ílódè láyé Abacha, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

A ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ Kóòṣì. Nígbà tí àwọn ààfáà lọ tán, Ìyá, ìyàwó Kóòṣì, pè mí wọ yàrá, wọ́n gbé agolo Milo kan lé mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́, àmọ́ nǹkan ń dún nínú ẹ̀. Mo ṣí i: igi ìgbálẹ̀ ni, mẹ́rìndínlógún, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, wọ́n fi òwú dúdú so bébà pélébé mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ti mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀: Kóòṣì kì í béèrè nọ́ńbà bàtà lọ́wọ́ ọmọ, torí ta ló ní bàtà nínú wa tí yóò mọ nọ́ńbà? Wọ́n á ní kó o tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé wọn, kí gìgísẹ̀ kan ògiri. Wọ́n á fi igi ìgbálẹ̀ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á fi ìwọ̀n èékánná kan kọjá àtàǹpàkò, kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ. "Ẹsẹ̀ yín kì í sinmi," wọ́n á ní. "Kí n tó ti Ìbàdàn dé, ó lè ti gùn sí i." Bó bá di Sátidé, wọ́n á kó igi sápò, wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á lọ jókòó ti òkìtì òkìrìkà, wọ́n á máa ti igi bọ inú bàtà bọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tó bá ti rí bàtà tirẹ̀, wọ́n á jù ú nù.

Ìyẹn ni pé mẹ́rìndínlógún tó kù nínú agolo yìí, bàtà wọn ò dé.

Mo mọ ọdún ẹ̀. 1996 ni, lẹ́yìn Òlíńpíìkì Atlanta. Ẹ rántí òru ọjọ́ tí Brazil ń fi 3 sí 1 na wá, tí Ikpeba dá ọ̀kan padà, tí Kanu sọ ọ́ di 3 sí 3, tó sì tún gbá ìkẹrin wọlé? Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò wa, gbogbo wa la wọ́ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí a wá na Argentina 3 sí 2, tí àmì-ẹ̀yẹ wúrà di tiwa, kò sọ́mọ tó sùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn tó wá sí pápá ò lóǹkà. Kóòṣì wọn ẹsẹ̀ títí ìgbálẹ̀ Ìyá fi tán. Ìyá jáde síta, wọ́n ní kí ni kí àwọn fi gbálẹ̀ báyìí, àtẹ́lẹwọ́?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ di ìbọn. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ò lè kọjá Lágéré mọ́, àwa náà ò gbọdọ̀ dé ọ̀hún. Pápá dá páropáro. N ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dìde.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Kóòṣì ò kọ orúkọ ẹnì kankan. "Ọmọ oníbúrẹ́dì." "Ọmọ télọ̀ Òkèrèwè." "Ẹlẹ́sẹ̀ òsì." "Ìbejì, èyí tó ń rẹ́rìn-ín." Tèmi náà wà níbẹ̀: "Aláròyé."

Ogójì ọjọ́ ń bọ̀. Ta ló mọ ibi táwọn yòókù wà? Ṣé kí n dá agolo padà fún Ìyá ni, àbí kí ni ká fi í ṣe?

Asọ́lé Ìrémọ:
Kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n, kó dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mo mọ ọmọ télọ̀, Iléṣà ló ń gbé, ó ń ta páátì ọkọ̀. Màá pè é lálẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di pé málàíkà ni wọ́n o. Wọ́n fọ́ mi létí nítorí káàdì ilé ìwé, wọ́n ní ipò kejìdínlógójì kì í ṣe ipò asọ́lé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dúró lẹ́yìn ilà tí mò ń he bọ́ọ̀lù. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Bàtà tèmi dé ní tiẹ̀, ọ̀tún lé díẹ̀ ju òsì lọ, mo fi bébà dí i.

Àbíkẹ́yìn Kóòṣì:
Ẹ̀yin bọ̀dá mi, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá sí fídáù.

Ẹ̀yin ń sọ ti bàtà. Ṣé ẹ mọ̀ pé sálúbàtà rọ́bà lèmi wọ̀ lọ ọdún Iléyá lọ́dún yẹn? Mo sunkún títí. Bàbá mi ò bá mi sọ nǹkan kan. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fi mí sáàárín orúnkún, wọ́n di irun fún mi, torí Ìyá lọ ra àgbàdo lóko. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú u. Ọ̀kan dojú kọ Ẹ̀núwá, ọ̀kan dojú kọ Ṣábó. Mo gbé irun yẹn lọ sílé kéwú, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Bọ̀dá, ẹ má dá agolo padà. Ìyá ní àwọn ti gbá ilẹ̀ yí i ká fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó tó gẹ́ẹ́.

Òǹdó ni mo wà:
Mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni ọmọ oníbúrẹ́dì. Mọdákẹ́kẹ́ ni wá, 1997 la kó lọ sí Òǹdó, a ò sì padà. Ní gbogbo ìgbà yẹn mo rò pé Kóòṣì ti ra bàtà mi fún ẹlòmíràn ni.

Báwo ni igi yẹn ṣe gùn tó?

Ọmọ Ìlódè:
Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú àtijọ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé ẹsẹ̀ mi ni. Láti gìgísẹ̀, kò dé ibi tí ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀. Òwú ìdí ẹ̀ ò tíì já.

Ẹ wá. Bí ẹ bá sọ̀ ní Lágéré, ẹ pè mí, màá fi ọ̀kadà wá gbé yín.