Àmì àyọlò kò ṣiṣẹ́ nínú fstab àti crontab, kí ló dé?

OmoSabo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Sáfà Ubuntu ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìkòròdú ni mò ń tò. Àlàfo wà nínú orúkọ fódà wọn, wọn kò sì fẹ́ kí n yí i padà. Ohun tí mo kọ sí /etc/fstab (fáìlì tó ń sọ fódà tí Linux máa so díìsì kọ̀ọ̀kan mọ́) rèé:

`LABEL=ise "/srv/Ise Onibara" ext4 defaults 0 2`

`mount -a` (àṣẹ tó ń so àwọn díìsì inú fstab) ní: parse error at line 9 -- ignored. Bẹ́ẹ̀ àmì àyọlò yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ nínú /etc/default/grub (fáìlì ètò tó ń tan Linux). Crontab (àkójọ iṣẹ́ tí ètò cron ń ṣe ní àkókò tí a dá fún un) náà kò lọ:

`0 21 * * * tar czf "/bak/ise-$(date +%F).tgz" /srv`

Ipakodo1
Ẹ kú iṣẹ́. Ètò tó ń ka fáìlì ló ń pinnu ohun tí àmì àyọlò jẹ́. Shell (ètò tó ń gba àṣẹ tí a tẹ̀) ló ń ka ti grub, ó mọ̀ ọ́n (kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ `=` níbẹ̀). Shell kì í ka fstab rárá. Àlàfo ló fi ń ya òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ́tọ̀. Ẹ wo ìlà yín bó ṣe rí i: òpó 2 ni `"/srv/Ise`, òpó 3 ni `Onibara"`, ext4 bọ́ sí òpó 4, ipò options (àwọn àṣàyàn), defaults wá já sí òpó 5. Nọ́ńbà nìkan ni òpó 5 ń gbà, ibẹ̀ ló ti kọ̀. Ẹ fi `\040` rọ́pò àlàfo:

`LABEL=ise /srv/Ise\040Onibara ext4 defaults,nofail 0 2`

`\011` ni ti táàbù, `\134` ni ti backslash fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ nofail. Bí iná bá lọ tó dé, tí díìsì yẹn kò wá jí, sáfà tí kò ní nofail á dúró sí emergency mode (ipò pàjáwìrì, kò ní tàn tán), ó di kí ẹnìkan gbé kíbọ́ọ̀dù lọ bá a. Kí ẹ tó tún un tàn: `sudo findmnt --verify` (ó ń yẹ fstab wò), lẹ́yìn náà `sudo systemctl daemon-reload` (kí systemd, ètò tó ń darí iṣẹ́ Linux, tún fstab kà), kí ẹ tó wá `sudo mount -a`.

IgbogboTech
Ti cron ni `%`. Cron máa ń sọ ọ́ di ìlà tuntun kí shell tó rí i, àmì àyọlò kò sì lè gbà á sílẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ shell ni `$(date +` tí kò ní ìparí. Ẹ kọ `date +\%F`. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó àṣẹ náà sínú fáìlì script, ẹ yọ backslash yẹn. Nínú ExecStart (ìlà àṣẹ inú fáìlì iṣẹ́) ti systemd ẹ̀wẹ̀, `%%` ni.

OmoSabo
findmnt ti ní Success. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ kí fódà náà ní àmì ohùn ńkọ́?

Ipakodo1
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ lè jẹ́ lẹ́tà kan, ó sì lè jẹ́ e pẹ̀lú àmì tó dá dúró. Lójú wa bákan náà ni wọ́n rí, lójú Linux fódà méjì ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì Tab parí orúkọ náà fún yín, kí ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ẹ bá fura sí àmì àyọlò wíwọ́ tí fóònù fi sí i:

`grep -nP '[^\x00-\x7F]' /etc/fstab`